Àna Ssebbowa Sá Fún Un

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n fi sé Ssebbowa mọ́ inú àgọ́ kan ní ìlú Mubende, ní ilẹ̀ Uganda, lásìkò tí Ẹbólà ń jà. Èrò kan ló fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé lọ sí ọsibítù, èrò náà sì kú síbẹ̀. Ssebbowa fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ sín. Nígbà tí ọjọ́ pé, nọ́ọ̀sì fún un ní aṣọ tuntun, nítorí wọ́n ti dáná sun tirẹ̀. Ó fún un ní ìwé olóǹtẹ̀ pé ara rẹ̀ dá, ó ní, "Ó yá, ẹ máa lọ sílé yín."

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí, ó ń retí ẹni tí yóò ní kí ó kọjá. Inú rẹ̀ kò dùn, kò sì bàjẹ́. Inú náà kàn kú tipiri, bí ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó pẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀ pé òun fẹ́: kí ó lọ mú Nalwoga ìyàwó rẹ̀ àti Nabbosa ọmọ wọn wálé. Ọ̀dọ̀ ìyá Nalwoga lẹ́bàá Mityana ni wọ́n wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ níbẹ̀, kò mọ ibi tí òun tún ń lọ láyé.

Àwọn ọlọ́kadà ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ssebbowa! Òkú jí o!"

"Kú ewu o, ọ̀rẹ́ mi! Ṣùgbọ́n dúró síbẹ̀ yẹn jàre, à ń rí ẹ dáadáa!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òun náà la ẹnu, nítorí ó rántí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é.

Nínú bọ́ọ̀sì, kọ̀ndọ́kítọ̀ ní, "Ẹ jókòó síbi tó bá wù yín." Ibi tó bá wù ú kẹ̀! Ó dúró gbagidi títí kọ̀ndọ́kítọ̀ fi bínú nàka sí àga kan. Nígbà tí ọkọ̀ dúró lọ́nà, àwọn obìnrin na ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun àti ẹran sísun tí wọ́n fi igi gún sí ojú fèrèsé. Ebi ń pa á, síbẹ̀ ó káwọ́ lé itan, ó ń retí kí wọ́n gbé oúnjẹ sílẹ̀ kí wọ́n kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ní àgọ́. Ọkọ̀ ṣí. Ìyá tó jókòó tì í tajú kán rí òǹtẹ̀ ara ìwé náà, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó lọ há ara rẹ̀ mọ́ àwọn èrò ẹ̀yìn. Ssebbowa wo àga tó ṣófo. Kò dùn ún.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tó wọ àgbàlá àna rẹ̀ pẹ̀lú ṣúgà kílò méjì. Ìyá Nalwoga jókòó lórí ẹní, ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí ó ti rí i, ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó fa aṣọ borí, ó sì sá lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ibẹ̀ ló ti ń ké, "Ẹ káàbọ̀ o, ọkọ ọmọ mi! Ṣé ara le?"

Níbí náà! Ssebbowa gbé ṣúgà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó yí padà, ó ń lọ.

Nalwoga sáré bá a lójú ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ń mí hẹlẹ. "Baba Nabbosa, ibo lẹ tún ń lọ?"

"Màmá sá fún mi. Mi ò bá wọn wí."

Nalwoga tẹjú mọ́ ọn, ẹ̀rín sì gbà á lẹ́nu. "Ẹ gbà mí o! Ìgbà wo ni màmá mi ò sá fún yín rí? Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ṣé àrùn ló wà lára yín nígbà yẹn? Àna yín ni! Àbí ẹ fẹ́ kí ọwọ́ wọn máa gbọ̀n ni?"

Kò sí ọmọ ẹ̀yà Buganda tí kò mọ àṣà náà. Ọkùnrin kì í fara kan ìyá ìyàwó rẹ̀, wọn kì í sì í dúró kojú ara wọn. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n títí dọjọ́ alẹ́. Ssebbowa ti gbàgbé. Gbogbo ẹni tó yẹra fún un láàárọ̀, àrùn ni wọ́n ń sá fún. Obìnrin yìí nìkan ló sá nítorí pé Ssebbowa ṣì jẹ́ ọkọ ọmọ rẹ̀.

Ó padà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìhà kejì ògiri ilé ìdáná. Ìyá Nalwoga kò tíì kí i tán. "Òjò ọ̀hún ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ó lanu láti dáhùn, ẹkún ló jáde.

Ohùn àna rẹ̀ tún dún láti ẹ̀yìn ògiri.

"Nalwoga, lọ bu oúnjẹ wá. Ẹ máa sunkún yín, ọkọ ọmọ mi. Mi ò wò yín."