Orin Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Yàn

Nínú ilé tí à ń gbé ní Kétu, a kì í fi nọ́ńbà pe ọdún tó bá ti kọjá, orin la fi ń pè é. Bí ìyá onílé bá fẹ́ sọ ìgbà tí wọ́n tún kànga gbẹ́, wọ́n á ní "lọ́dún orin ọmọbìnrin tó ń bú ọkọ rẹ̀ yẹn," gbogbo wa á sì ti mọ ọdún tí wọ́n ń wí. Ọdún kòrónà náà ní orin tirẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yàrá wa ni kálukú dúró sí tá a fi yàn án, tí à ń pariwo mọ́ ara wa látòkèèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló dá orin yíyàn yìí sílẹ̀. Ọ̀sán Sọ́ńdè tó bá gbẹ̀yìn ọdún la máa ń ṣe é. Gbogbo ayálégbé á gbé àga jáde sí àgbàlá, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì mú orin kan ṣoṣo wá, orin tó jáde lọ́dún yẹn gan-an. Wàá dìde, wàá sọ ohun tí orin náà ṣe fún ọ, wàá wá fi fóònù rẹ gbé e sí i ká gbọ́. Lẹ́yìn náà la ó nawọ́ fún èyí tó wù wá, o ò sì gbọdọ̀ nawọ́ fún tìrẹ. Orin tó bá borí la ó kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún tuntun. Títí a ó fi gbọ́ ọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan rédíò. Tí wọ́n bá sì ti tan orin ọ̀hún, a ó dúró ni, a ò ní jó, a ò ní sọ̀rọ̀, títí á fi parí. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe òfin yẹn. Ó ní ohun téèyàn bá kọ́kọ́ gbọ́ lọ́dún ló máa bá a rìn dópin ọdún. Ibi tó ti rí i, èmi ò mọ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ ká sinmi lórí ẹ̀.

N ò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn orin tó ẹ̀gbọ́n mi. Ó lè wà lábẹ́ mọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìkòsí, kí kẹ̀kẹ́ kan sáré kọjá pẹ̀lú orin, kó pariwo orúkọ olórin náà látìsàlẹ̀ níbẹ̀, kó tún fi kún un pé onílù rẹ̀ ti ń yára jù. Ìyẹn nígbà tí etí rẹ̀ ṣì wà. Iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì-bítà ló kọ́ nígbà tá a ti Ṣakí dé: mọ́tò tó bá lọ gbá nǹkan tí ara rẹ̀ wọlé, òun ló máa fi òòlù lù ú títí á fi jáde. Irin lórí irin, láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, láìfi nǹkan kan dí etí. Iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ ló jẹ etí rẹ̀ tán, inú sì ń bí mi sí iṣẹ́ náà títí dòní bí ẹni pé èèyàn ni.

Nígbà tí etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dí, ó ní àwọn olórin ìsinsìnyí kì í lanu dáadáa. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní àgbà ti ń dé. Nígbà tó yá, ó ń yí rédíò sókè débi pé àwọn ará ilé kejì ń kan gèètì. Mo wá mú un lọ sí ọsibítù. Èmi ni dókítà kọjú sí tó ń bá sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni etí ló jókòó síwájú ẹ̀ yẹn. Ó ní èyí tó ti lọ ò lè padà mọ́. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ etí, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta sínú garawa. Ó yọ ọ́, ó sọ ọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Látìgbà náà, ẹnu èèyàn ló ń wò. Tí mo bá sì sọ̀rọ̀, ó máa ń dáhùn, ni mo ṣe rò pé díẹ̀ ṣì kù.

Èmi àtòun nìkan la jọ ń gbé láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, mo mọ ohun tó kù tó ń dùn mọ́ ọn láyé. Ọ̀sán Sọ́ńdè kan ṣoṣo yẹn ni. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé táwọn ará ilé bá mọ̀ pé etí rẹ̀ ti dí, ojú á tì í, kò sì ní jáde sí àgbàlá mọ́ láé.

Ní December tó kọjá, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n bá yín wá orin."

"Ṣé mo ti kú ni?" Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀, tó ń wo fídíò àwọn olórin, tó ń mi orí.

Sọ́ńdè náà dé. Uncle tó ń gbé yàrá iwájú, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ògùdù, gbé orin ìfẹ́ wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọdọọdún ló ń gbé orin ìfẹ́ wá, a ò sì tíì rí ìyàwó. Ìyá onílé gbé orin ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá. Mo gbé tèmi sílẹ̀ wàràwàrà. Ẹ̀gbọ́n mi wá dìde nínú bùbá funfun.

Ó sọ̀rọ̀ sókè ju bó ṣe yẹ lọ, torí kò mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe tóbi tó mọ́. Ó ní gìtá nìkan ló bẹ̀rẹ̀ orin náà, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan wọlé, tó ń kọrin bí ọmọ tó ń bẹ ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn obìnrin ń gbè é lẹ́yìn, ohùn wọn ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Ó ní tó bá dé àárín, gbogbo nǹkan á dákẹ́, á wá ku ohùn ọkùnrin yẹn nìkan. Ó ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ìyá wa lòun rántí, bí wọ́n ṣe máa ń kọrin fún ara wọn ní Ṣakí tí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀wà. Omi lé sí mi lójú. Mo fẹ́ gbọ́ orin náà lọ́jọ́ yẹn ju ohunkóhun lọ.

Ó tẹ fóònù. Ariwo ló bú jáde. Orin àwọn ọmọ àdúgbò ni, ìlù gbì-gbì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọmọkùnrin kan ń pariwo bí bàtà òun ṣe wọ́n tó. Kò sí gìtá. Kò sóhùn obìnrin kankan. Kò síbi tí nǹkan kan ti dákẹ́. Mo na ọrùn wo fídíò náà: ọmọkùnrin yẹn dúró níwájú ilẹ̀kùn kan, ó gbé gìtá kọ́rùn fún fáàrí lásán, àwọn obìnrin aláṣọ funfun tò sẹ́yìn rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó wá yé mi. Àwòrán ni ẹ̀gbọ́n mi wò tó fi ṣe orin fúnra rẹ̀. Orin tó ròyìn fún wa, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ láyé yìí, inú orí rẹ̀ nìkan ló wà.

Ó dijú, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀ sí orin tí kò rọra rárá. Ó ń lajú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wo ìlà tó ń sún lórí fóònù, kó lè mọ ìgbà tí á parí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Uncle yàrá iwájú lanu. "But Bọ̀dá, this song no be as you—"

Ìyá onílé tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. "Ẹni tó bá fẹ́ràn orin yìí, kó nawọ́ sókè jàre."

Gbogbo ọwọ́ ló gòkè. Kò ṣẹlẹ̀ rí látìgbà tá a ti ń yan orin. Èmi náà nawọ́, inú sì ń bí mi sí gbogbo ọwọ́ wọ̀nyẹn, tèmi pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá onílé.

"Mo mọ̀ pé ẹ máa gbọ́ ọ, Mummy," ó ní. "Mo mọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ọyẹ́ mú. Gbogbo wa dúró ní àgbàlá, a kọjú sí fèrèsé ìyá onílé níbi tí wọ́n gbé sípíkà sí. Inú yàrá ni wọ́n ti tan án, kọ́tìnnì sì bò wọ́n. Orin náà bú jáde, àwọn adìyẹ sá kúrò nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò mira, òfin ẹ̀gbọ́n mi là ń pa mọ́. Òun náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo fèrèsé. Orin ti dé àárín nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹnu sétí mi. Ó rò pé ńṣe lòun ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ gbogbo àgbàlá ló gbọ́ ọ.

"Kí ló dá Mummy dúró?"

Kò sẹ́ni tó yíjú. Mo fọwọ́ ṣàpèjúwe fún un pé kó ní sùúrù, ó sì mi orí, ó tún kọjú sí fèrèsé.

Orin parí. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn kú ọdún, wọ́n ń dì mọ́ra. Ó wò wọ́n, ó di ọwọ́ mi mú.

"Wọn ò ní tan orin mi mọ́ ni?"

Mo dúró síwájú rẹ̀ kó lè rí ẹnu mi. "Wọ́n ti tan án, Bọ̀dá. Ó ti parí."

Ó wo fèrèsé, ó wò mí. Mo rí ìgbà tó yé e. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Mo ti ń sunkún nígbà yẹn.

"Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn gan-an."

"Kọ ọ́," ó ní. "Fẹnu kọ ọ́ kí n rí i."

Ó ń wo ẹnu mi. Mo lanu, n ò sì mọ èwo ni kí n kọ nínú orin méjèèjì.