Ẹ̀bẹ̀ Tí Wọ́n Gbé Lọ sí Kóòtù

Ní àwọn ọdún tí sọ́jà ṣì ń ṣèjọba, tí ìlà epo máa ń gùn láti ilé epo Challenge títí yóò fi kọjá ẹnu géètì ilé iṣẹ́ wa, ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí lónìí, tí ẹ ń wọ bàtà onírin, tí ẹ ń dé akoto, ẹ lè rò pé inúure àwọn ọ̀gá ló gbé e wá. Rárá o. Ẹsẹ̀ èèyàn ló lọ sí i. Inú ṣì ń bí mi bí mo bá ń sọ ọ́, n kò sì ní purọ́ fún yín pé ó ti tán.

Sístà Rónkẹ́ ni wọ́n ń pè mí nígbà náà. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Ring Road ni mo ti ń di ọṣẹ sínú páálí, èmi náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Alága wa ni Bọ̀dá Délé. Àgbà ni sí mi, "wọ́n" ló yẹ kí n máa lò fún un, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á mọ́. Bí ó bá gbóhùn sókè ní ìpàdé, àwọn ọ̀gá á máa wo bàtà ara wọn. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ fagi lé àyè tí àwọn Mùsùlùmí fi ń lọ kí Jímọ̀, òun tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ló dúró ní géètì, tó ní kò sẹ́ni tó máa wọlé títí wọn yóò fi dá a padà. Wọ́n dá a padà. Nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ la ṣe fọkàn tán an.

Ilé ìkẹ́rùsí wa ní fọ́kílíìfùtì kan ṣoṣo, ọkọ̀ kékeré yẹn tó ní irin gígùn méjì níwájú, tó ń ki irin náà bọ abẹ́ ẹrù, tó sì ń gbé e sókè. Bíréèkì rẹ̀ kò dára. Bọ̀dá Délé lọ sọ fún mánijà, ó sì jáde wá sọ fún wa pé mánijà ní òun gbọ́. A kò sì ní àkàbà. Bí páálí tó wà lókè bá fẹ́ yẹ̀, ẹnì kan á dúró lórí irin méjì yẹn, awakọ̀ á gbé e lọ sókè fíofío, onítọ̀hún á sì máa tún páálí tò. "Gígun ràkúnmí" la ń pè é. Ẹni tó bá kọ̀, súpáfáísọ̀ á ní ọ̀lẹ ni, àwa ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀.

Kàmọ́rù ló ń gùn ún jù. Ọmọ Agbowó ni, ara rẹ̀ fúyẹ́, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó máa ń juwọ́ sí wa látòkè bíi gómìnà. Ó ti níyàwó, Sìdí tó ń ránṣọ, wọ́n sì ti bí ọmọ kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wà níbi tí a ti ń di páálí nígbà tí mo gbọ́ igbe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó débẹ̀, Bọ̀dá Délé fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa lọ́jọ́ náà, tó ń sunkún. Ó ní súpáfáísọ̀ pe Kàmọ́rù pé kó wá gun ràkúnmí. Kàmọ́rù wolẹ̀, ó rí i pé epo ti dà síbẹ̀. Bọ̀dá Délé bá a dá sí i.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká nulẹ̀ ná. Ẹ sì mọ bí bíréèkì yìí ṣe rí."

"Ọkọ̀ akẹ́rù wà níta tó ń dúró, ẹ ní kí n máa nulẹ̀? Kàmọ́rù, gùn ún jàre."

Kàmọ́rù gùn ún. Ọkọ̀ náà yọ̀, bíréèkì kò mú un, ó lọ forí sọ ògiri. Kàmọ́rù já bọ́, irin náà sì tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀. Ní ọsibítù, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún.

Ẹgbẹ́ wa wá lọ́yà fún un, obìnrin kan tó ní ọ́fíìsì ní Dùgbẹ̀, Lọ́yà Adébísí. Èmi, Sìdí àti Bọ̀dá Délé la lọ bá a. Ó ní ká sọ gbogbo rẹ̀, a sọ ọ́, ó sì sọ pé ọ̀nà méjì ló wà.

"Òfin wà tó ní kí ilé iṣẹ́ san owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ kò ní láti fi hàn pé ẹnikẹ́ni jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n òfin ti fi òṣùwọ̀n sí i, kì í pọ̀."

Sìdí ní, "Èkejì ńkọ́, mà?"

"Ká pè wọ́n lẹ́jọ́ pé àìbìkítà wọn ló fà á. Bí a bá jàre, ohun tí wọ́n máa san lè tó fún ọ láti fi tọ́ ọmọ rẹ. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè jẹ ti méjèèjì. Ẹni tó bá gba ti àkọ́kọ́ ti sé èkejì mọ́ ara rẹ̀. A sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé bíréèkì kò dára, àti pé àwọn ló ní kó gùn ún. Ẹnu ta la ó fi sọ ọ́?"

Awakọ̀ fọ́kílíìfùtì náà, wọ́n ti sáré gbé e lọ sí ẹ̀ka wọn lókè Ọya. Bọ̀dá Délé fọwọ́ lu àyà rẹ̀. "Ẹnu tèmi. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo sọ fún wọn." Sìdí kúnlẹ̀ fún un níbẹ̀, ó ń wúre fún àwọn ọmọ Bọ̀dá Délé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí a ń dìde, lọ́yà ní, "Ohun kan ni mo fi bẹ̀ yín. Bí wọ́n bá wá bá yín nílé, ẹ má parí ohunkóhun lẹ́yìn mi."

A gbé ọ̀nà méjèèjì síwájú Kàmọ́rù lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kò ronú pẹ́. "Ẹ jẹ́ ká lọ kóòtù. Kí owó wá, mo fẹ́ ẹ, torí ọmọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ níbi táyé ti ń gbọ́ràn pé èmi kọ́ ni mo fira mi sórí irin yẹn. Wọ́n ní kí n gùn ún ni."

Nígbà tí ìwé ìpẹ̀jọ́ dé ọwọ́ ilé iṣẹ́, wọ́n wá. Ọjọ́ Àìkú ni, èmi náà wà nílé wọn ní Agbowó, mo wá wo Kàmọ́rù tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá rìn. Bàbá Alàájì, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ni olórí ẹbí, àwọn ló jókòó ní pálọ̀. Mánijà wọlé pẹ̀lú àwọn ọ̀gá méjì. Ta ló ṣíwájú wọn? Bọ̀dá Délé. Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mánijà tó wọ súùtù, tí kì í dáhùn ìkíni wa, fàyà lélẹ̀ lórí ẹní.

Ẹ̀yin náà mọ ilé wa. Ta ni yóò rí àgbàlagbà nílẹ̀ tí yóò ní òun kò gbẹ̀bẹ̀? Bàbá Alàájì ní kí wọ́n dìde. Bàbá ní, "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ohun tó dé bá ọmọ wa, kádàrá ni. A ti gbẹ̀bẹ̀ yín, a ti dárí jì yín." Wọ́n sì ṣàdúrà fún ilé iṣẹ́. Kàmọ́rù kò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ bàbá rẹ̀ lẹ́nu; ó ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá."

Mo fa Bọ̀dá Délé sí kọ̀rọ̀. "Bọ̀dá, kí lẹ ń ṣe láàárín wọn? Ṣebí lọ́yà kìlọ̀ fún wa?"

"Rónkẹ́, o ti le jù. Ẹ̀bẹ̀ lásán ni. Ká ní kí wọ́n má wá kí aláìsàn ni? Kóòtù ṣì wà níbi tó wà."

Ọjọ́ tí Bọ̀dá Délé máa jẹ́rìí, àwọn òṣìṣẹ́ kún kóòtù fọ́fọ́. Èmi àti Kàmọ́rù ti jẹ́rìí ṣáájú, ṣùgbọ́n igbe nìkan ni èmi lè sọ pé mo gbọ́; ti Kàmọ́rù, ilé iṣẹ́ ní owó ló ń wá. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bọ̀dá Délé gbé Bíbélì, ó búra. Lọ́yà Adébísí bi í nípa bíréèkì.

"N kò rántí."

"Epo tó dà sílẹ̀ ńkọ́?"

"N kò sí nítòsí."

Ohùn lọ́yà yí padà. "Ta ló ní kí Kàmọ́rù gùn ún?"

"Àwọn ọmọ yìí ló máa ń fi ṣeré, Olúwa mi. Gígun ràkúnmí ni wọ́n ń pè é." Kò wo ọ̀dọ̀ wa. "Àti pé a ti parí ọ̀rọ̀ yìí nílé. Olórí ẹbí wọn sọ lójú gbogbo wa pé kádàrá ni, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Wọ́n tilẹ̀ ṣàdúrà fún wa."

Bàbá Alàájì fò dìde láàárín èrò, fìlà bọ́ lórí wọn. "Irọ́ ni! Mi ò sọ pé kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Ẹni tí kò bá jẹ̀bi, wọ́n ń dárí jì í ni?"

Adájọ́ ní kí Bàbá jókòó, pé bí wọ́n bá tún sọ̀rọ̀, òun yóò lé wọn jáde. Wọ́n jókòó. N kò tíì rí àgbàlagbà tí ojú tì tó bẹ́ẹ̀ rí, lórí inúure tó ṣe. Sìdí di ọwọ́ mi mú, kò sunkún. Èmi ni mo sunkún. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

A fìdí rẹmi. Adájọ́ ní kò sí ẹ̀rí pé ilé iṣẹ́ jẹ̀bi. Lọ́yà Adébísí kò jáwọ́, ó padà sí ọ̀nà àkọ́kọ́, nítorí a kò tíì gba kọ́bọ̀ níbẹ̀, ó rọ̀ mọ́ ọn títí ilé iṣẹ́ fi san ìwọ̀nba tí òfin ní kí wọ́n san. Ohun tí Kàmọ́rù àti ìyàwó rẹ̀ rí fi ṣe kò ju máṣíìnì ìránṣọ tuntun fún Sìdí lọ. Kí ọdún náà tó parí, Bọ̀dá Délé di ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan a débi iṣẹ́, a bá àkàbà tuntun lára ògiri, bíréèkì ti di tuntun, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gun irin fọ́kílíìfùtì. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Èmi kò lè pàtẹ́wọ́. Mo ń wo àkàbà, mo ń rí ẹsẹ̀ Kàmọ́rù.

Ohun tí a jèrè nìyẹn, n kò ní fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀: kò sẹ́ni tó tún já bọ́ níbẹ̀ títí mo fi kúrò. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wa kò tún rí ara rẹ̀ gbé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ ṣe alága, a ó máa wò ó tìfura-tìfura. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, bí ọkọ̀ yẹn bá ṣe ẹnì kan léṣe, ẹ fi tó ilé iṣẹ́ létí kíá, ẹ gba ìwé dókítà, ẹ mọ ọ̀nà méjèèjì kí ẹ tó mú ọ̀kan, ẹ má sì fi ẹ̀rí sí ẹnu ẹnì kan ṣoṣo, bó ti wù kí àyà rẹ̀ dún tó nígbà tó bá lù ú. Bí wọ́n bá wá bẹ̀bẹ̀ nílé, ẹ fún wọn lómi mu, kí ẹ ránṣẹ́ pe lọ́yà.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Sìdí ránṣẹ́ pè mí. Mo dé Agbowó, mo bá Bọ̀dá Délé nílẹ̀ ní pálọ̀ kan náà, ó dọ̀bálẹ̀, irun orí rẹ̀ ti funfun, pásítọ̀ kan àti lèmọ́mù àdúgbò sì ń bá a bẹ̀bẹ̀. Ojú Bàbá Alàájì kò ríran dáadáa mọ́. Gbogbo wa ń wo ẹnu wọn.

Bàbá ní, "Níjọ́sí, ẹnu mi lẹ fi gba ẹjọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi. Lónìí, n kò lẹ́nu ńbẹ̀. Ẹ kọjú sí i."

Kàmọ́rù fi ọ̀pá rẹ̀ dìde. Kò gbóhùn sókè. "Bọ̀dá, ẹ dìde, ilẹ̀ tutù. Ẹ̀bẹ̀ tí ẹ bẹ̀ nílé yìí níjọ́sí, kóòtù lẹ gbé e lọ. Ẹ gbé èyí náà lọ síbẹ̀. Ẹ dúró síbi tí ẹ dúró sí, kí ẹ sọ pé wọ́n ní kí n gùn ún. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ tán, ẹ padà wá, Sìdí á fún yín lóúnjẹ."

Bọ̀dá Délé dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀, ó lọ. Kò tíì padà wá.