Kí A Tó Gé Ẹ́ńjìnnì Tukiran

Ìgbà mẹ́ta ni mo múra láti gé ẹ́ńjìnnì alùpùpù Tukiran, ìgbà mẹ́ta náà ló sì ní kí n dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ní abúlé wa, ní ẹ̀gbẹ́ òkè Sumbing, á mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ojo. Òun ló máa ń di àpò ajílẹ̀ mẹ́rin sórí alùpùpù kan ṣoṣo, tí á fi gun ọ̀nà oko tábà tí ẹlòmíràn ń fẹsẹ̀ lásán gùn tó ń mí hẹlẹ.

Píísítìn ńlá àti sìlíńdà rẹ̀, tí Tukiran rà kí alùpùpù náà lè lágbára sí i, ti wà nínú páálí lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí mo ti ń tún alùpùpù ṣe, láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Sìlíńdà náà sanra ju ẹnu ẹ́ńjìnnì lọ, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ gé ẹnu ọ̀hún kó fẹ̀ sí i kó tó lè wọlé. Ibí yìí ni ẹ̀rù ti máa ń ba èmi fúnra mi, mi ò ní purọ́. Tí mo bá gé e tán, irin tó kù yí ẹnu náà ká kò ní fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju èékánná lọ, irin tí a bá sì ti gé, ó ti lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ti tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tán kí Tukiran tó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ̀gbọ́n Sarwono, ẹ dákun, Sátidé Pon lòní. Irú ọjọ́ tí bàbá mi kú nìyí."

Mo gbà. Pon jẹ́ ọ̀kan nínú ọjọ́ ọjà márùn-ún tí a máa ń kà pọ̀ mọ́ ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Níbi tiwa, ẹnikẹ́ni kì í dáwọ́ lé ohun ńlá lọ́jọ́ tó bá bá ọjọ́ ikú òbí rẹ̀ mu. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ọjọ́ ikú ìyá òun ni. Mo tún gbà. Lẹ́ẹ̀kẹta, láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní ọjọ́ ikú ìyá ìyàwó òun ni.

"Ikú ta ni?" Kasinem, ìyá ìyàwó rẹ̀ gan-an, ló bèèrè láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tó ti ń dín tempe, ẹ̀wà sóyà tí a mọ pọ̀, tà láràárọ̀. "Tukiran, tempe tó wà lẹ́nu ẹ yẹn, ṣé òkú ló dín in?"

"Ẹ máà bínú, Màmá. Mo ṣì í kà ni."

"O ṣì í kà! Ó dáa, máa ka ọjọ́ ikú mi lọ, mi ò tíì ṣetán ní tèmi."

Ó gbé ìkòkò rẹ̀ kúrò lórí iná, ó sì fi ìbínú gba ọ̀nà ilé ọmọ rẹ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ nígbà tí mo rí i pé Tukiran kò bá mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu.

"Kí ló dé gan-an? Ṣé iṣẹ́ mi ni o ò fọkàn tán ni?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Suminah ni."

Suminah ni ìyàwó rẹ̀. Lórí òkè wa, ẹni tó bá fi alùpùpù gbé ẹrù gòkè gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan lẹ́yìn tó di ìtì igi mọ́wọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú òkè, ẹni ẹ̀yìn á bẹ́ sílẹ̀, á ti igi náà bọ abẹ́ táyà, kí ọkọ̀ má bàa yí padà sínú ọ̀gbun. Ọdún mọ́kànlá ni Suminah ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Lọ́dún tó kọjá, ẹ́ńjìnnì kú, ẹsẹ̀ Suminah sì kán. Ohun tí gbogbo wa gbọ́ ni pé igi ló yọ̀.

"Igi ò yọ̀," Tukiran wí. "Kò sí igi. Èmi ni mo ní kó jù ú sílẹ̀ nílé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń wò wá, mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ọkọ̀ mi máa ń kú lọ́nà. Ọkọ̀ kú. A bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn, ọ̀gbun ń bọ̀, èmi ń pariwo. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló tì bọ abẹ́ táyà."

Mo gbé irinṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Kò lè fẹsẹ̀ gun òkè mọ́," ó ní, "ẹ̀yìn mi náà ló máa jókòó sí. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ò lè gbé wa mọ́, bí ajílẹ̀ ò bá sì dé oko kí òjò tó tán, a ò ní gbin tábà lọ́dún yìí. Àmọ́ bí èyí tí ẹ fẹ́ gé yìí bá kú lójú òkè ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n, mi ò kì í sùn mọ́. Bí mo bá ti dijú, ìró egungun yẹn ni mò ń gbọ́."

Mo fẹ́ sọ fún un pé kó máa gbé páálí rẹ̀ lọ, torí ẹ̀rù náà ti ràn mí. Kí n tó lanu, a gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ níta. Suminah ni, ìyá rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ó kí mi, kò kí ọkọ rẹ̀. Ó tú aṣọ tó fi pọn ẹrù sẹ́yìn, ó sì gbé ìtì igi tuntun kan, tó gbẹ́ dáadáa, sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí náà.

"Bàbá Ratri, ta lo ń ka ọjọ́ ikú fún?"

Tukiran ò lè gbójú sókè. "Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá Ratri."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ó ní, ó sì tún ki ọwọ́ bọ inú aṣọ náà. "Ìdí nìyẹn tí mo fi gbẹ́ méjì."

Ó gbé èkejì lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó yíjú sí mi, ó ní kí n máa gé e. Mo tan ẹ̀rọ ìgérin.