Bàbá Àgbà Aládùúgbò Wa

Ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì, èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Woolwich, nílùú òyìnbó níbí. Ọjọ́ Sátidé nìkan la jọ máa ń wà nílé ní Thamesmead, ọjọ́ náà ló sì wá ń lò lọ́dọ̀ bàbá òyìnbó tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa.

Bàbá yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní Crossness, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú omi ìdọ̀tí. Ọkọ mi bá a gbé ẹrù wọlé lọ́jọ́ kan, ó rí àwòrán ọkùnrin kan lára ògiri, ṣòkòtò rẹ̀ fún mọ́ ọn lórúnkún. Bàbá àgbà bàbá òyìnbó náà ni. Bésíbọ́ọ̀lù ló fi jẹun ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́.

Láti ìgbà náà, n ò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Mo ń fọ abọ́, ọkọ mi ń ròyìn: ẹ̀yìn pápá lọ́hùn-ún ni ọkùnrin náà máa ń dúró sí. Bí wọ́n bá fi igi gbá bọ́ọ̀lù sókè, á sáré tẹ̀lé e, á hán an kó tó balẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Ẹgbẹ́ ńlá mú un, àwọn èrò ń pariwo orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó fi èjìká kọlu pákó ọgbà, apá náà ò lè ju bọ́ọ̀lù jìnnà mọ́. Wọ́n dá a padà sí ẹgbẹ́ kékeré. Ó ń gbá a káàkiri àwọn ìlú kéékèèké títí ó fi darúgbó sí i, ó wá lọ ń ṣe káfíńtà.

"Kò tilẹ̀ bínú," ni ọkọ mi wí. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

Mo jowú. Bàbá tèmi náà ṣe agbábọ́ọ̀lù n'Ìbàdàn. Mo ní, "Ẹ mọ èjìká bàbá àgbà òyìnbó. Ẹ ò bi mí léèrè bàbá mi rí."

Ó jókòó. "Ó dáa, Mummy. Ipò wo ni wọ́n ń gbá?"

Àpá ojúgun wọn nìkan ni mo mọ̀. N ò béèrè títí wọ́n fi kú. Ó wá dùn mí pé òyìnbó yẹn ní ẹni tó sọ gbogbo ìtàn bàbá àgbà rẹ̀ fún un.

Mo pe àbúrò bàbá mi n'Ìbàdàn, mo bi wọ́n ipò tí bàbá mi ń gbá.

"Gbá kẹ̀?" ni wọ́n wí. "Aṣọ́lé ni wọ́n. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mú bọ́ọ̀lù."

Ọkọ mi gbọ́, ó gba fóònù. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, ó ń ní, "Hẹn, hẹn, kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Mo dúró tì í, mo na ọwọ́ kó dá fóònù mi padà, kò tiẹ̀ wò mí.