Eyín Mi Méjì àti Ọwọ́ Múrí

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo fẹ́ fẹnu ara mi ro ẹjọ́ ara mi lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó kà á tán ná.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Lásìkò ìbò, póstà ló ń bọ́ wa, gbogbo wa a sì tò sí ìdí ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń gé bébà ládùúgbò. Lọ́jọ́ kan, Múrí, ẹgbẹ́ mi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi, gbé bébà rẹ̀ síwájú tèmi. Mo gbé e kúrò. Ó tún gbé e padà. Mo gbá a létí, òun náà fún mi ní ẹ̀ṣẹ́ kan lẹ́nu.

Eyín iwájú mi méjì já bọ́ sórí póstà olóṣèlú kan tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀.

Ṣé mo panu mọ́? Rárá o. Mo pe àwọn àbúrò mi méjì wá láti Bàrígà. Wọ́n fi irin lu Múrí níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí egungun ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fi kán. Mo dúró, mo ń wò. Mo gbọ́ ọ nígbà tó kán, inú mi sì dùn, kí n má purọ́. Àwọn àgbà àdúgbò ni kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.

Lẹ́yìn oṣù kan, mo lọ bá dókítà eyín kan ní Palmgrove kó bá mi fi eyín mìíràn sí i. Dókítà náà fọwọ́ kan àwọn tó kù, ó ní wọ́n ń mì, kí n lọ ya àwòrán 3D, èyí tó ń fi egungun inú ẹnu hàn yíká. Mo dúró gbọn-in, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán náà yí orí mi po. Kò dùn mí rárá.

Dókítà wá ṣí àwòrán náà lórí kọ̀ǹpútà. Ó ń yí àgbọ̀n mi síwá sẹ́yìn bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà. Ó fi ibi tó yẹ kí egungun ga dé hàn mí, àti ibi tó kù sí. Kì í ṣe iwájú nìkan, títí dé àwọn eyín ẹ̀yìn tí ẹ̀ṣẹ́ kò dé ni.

Mo ní, "Dókítà, ṣé ẹ̀ṣẹ́ yẹn ló fà á?"

Ó ní rárá, ọjọ́ ti pẹ́ tí àrùn ti ń jẹ egungun náà. Ó bi mí bóyá ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde tí mo bá ń run pákò. Nílé wa, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ burúkú ni, ká jẹ́ kó máa dà nù! Àràárọ̀ ni mò ń tu ẹ̀jẹ̀, tí mo rò pé ara mi ń mọ́.

Mo ní ká ní egungun náà pé ńkọ́? Ó ní ètè mi ì bá bẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí eyín mi dúró.

Mo gbé àwòrán náà lọ bá Múrí. Ọwọ́ òsì ló fi ń ti bébà wọnú ẹ̀rọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé pé àrùn ti jẹ egungun eyín mi kí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ tó dé. Kò ní kí n dìde.

"Ṣé egungun tìẹ nìyí?"

Mo ní òun ni.

Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí mi. Àwọn ìka náà kò ká mọ́. "Tèmi rèé. Tèmi ò ní àrùn kankan tẹ́lẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, àwọn àbúrò mi ló ń bá a gbé bébà lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń gé e. Tirẹ̀ ló máa ń ṣíwájú tèmi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde nídìí eyín yín, ẹ má rò pé ìdọ̀tí ló ń lọ. Ẹ lọ fi hàn dókítà. Ìbínú kò ṣe nǹkan fún ni, mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, àwọn ẹlòmíràn ni mo máa ń sọ ọ́ fún. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ta ni ẹ ti fìyà jẹ nítorí ohun tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀? Ẹ kọ tiyín síbí.