Òdo Ni Jíbrílù Ń Kọ

Bí ẹ bá béèrè télọ̀ tó mọ kaftáànì rán jù ní Ẹnu Ọ̀wá, àwọn àgbà àdúgbò á ṣì dárúkọ Jíbrílù fún yín, kí wọ́n tó rántí pé ó ti tó ọdún méjì tó ti jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ gbẹ̀yìn. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Orí àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n bí i sí ló ti yọ̀ ṣubú láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò rọ̀, ó sì fi orí gbá sìmẹ́ńtì. Ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ọjọ́ mọ́kànlá ni kò fi mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó jí. Gbogbo ẹbí yọ̀. Ẹni tó ti ń lọ tó tún padà wá, kí lèèyàn tún ń wá?

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ padà ń rìn, ẹnu padà ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ náà sì ń ṣí, ó ń pa dé díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti èjìká títí dé ọmọ ìka, ó ń ta á bí ìgbà tí wọ́n lọ ata rodo tí wọ́n fi pa á lára. Aṣọ tó bá kàn án, wàhálà ni. Atẹ́gùn fáànù tó bá fẹ́ sí i, wàhálà ni. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí egbò níbẹ̀, kò wú, kò pọ́n. Ọwọ́ tó dán, tó mọ́ tónítóní! Ta ni yóò káàánú irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀?

Alhaja Hàwáwù tó bí Jíbrílù, kí Ọlọ́hun forí jìn ín, kò gbà kí ọmọ rẹ̀ kankan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń ṣàìsàn. Bí orí bá ń fọ́ ọ nílé rẹ̀, “orí ń fọ́ ọ̀tá mi” lo máa wí. Bí inú bá ń run ọ́, inú ọ̀tá ni. Púpọ̀ nínú wa la mọ àṣà yìí, a sì máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Jíbrílù ò fi ṣeré ní tirẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo àìsàn tí ọkùnrin yìí ti dì lé ọ̀tá rẹ̀ lórí láti kékeré, ọ̀tá náà ì bá ti kú nígbà mẹ́rìnlá.

Nígbà tó kọ́kọ́ ti ọsibítù dé, yàrá ò gba àlejò. Wọ́n gbé ọsàn wá, wọ́n gbé mọ́ọ̀tì wá. “Bàbá Ihsan, ara ńkọ́?” “Alhamdulillahi, ó ti sàn pátápátá.” Wọ́n gbà á gbọ́, mi ò sì bá wọn wí. Kí lèèyàn fẹ́ máa wá wò lára ẹni tí ara rẹ̀ ti yá? Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń kí i, wọn ò sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Mariyah ìyàwó rẹ̀ náà lọ sí Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá, láti bá Ihsan ọmọ wọn tọ́jú ọmọ tuntun. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n jọ sọ. Ó ti di oṣù mẹ́wàá báyìí. Bó bá pè lórí fóònù, á ní, “Ṣé ara le?” Jíbrílù á ní, “Ó le koko.” Ọkàn obìnrin náà á balẹ̀. Jíbrílù á gbé fóònù kalẹ̀, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, á máa wo òrùlé Ìga Ìdúngánràn, ààfin ọba Èkó, kò sì ní í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọn ó fi pe ìrun. Ọjọ́ mìíràn wà tí ìdáwà yẹn ń dùn ún ju ọwọ́ lọ.

Ọsibítù kan lọ́nà Ìkòyí, níbi tó ti ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ni Dókítà Moyọ̀sọ́rẹ ti rí i. Ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú kan ni, tó ń ṣe ìwádìí lórí ìrora tí kì í kúrò lára àwọn tí ọpọlọ wọn fara pa. Ó wo bí Jíbrílù ṣe gbé ọwọ́ ọ̀tún jìnnà sí ara bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀ tó kún.

“Bàbá, ọwọ́ yẹn ń dùn yín, àbí?”

Jíbrílù rẹ́rìn-ín. “Ti ọ̀tá mi ni, Dókítà.”

Dókítà bá a rẹ́rìn-ín, ó wá ṣàlàyé fún un pé kò sí nǹkan tó ṣe ọwọ́ náà fúnra rẹ̀. Ibi tí ọpọlọ ti fara pa ló ń pariwo, bíi bẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà tó ń dún nígbà tí ẹnì kankan ò tẹ̀ ẹ́. “Ìrora gidi ni o, Bàbá. Kì í ṣe pé èèyàn kàn ń rò ó.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnìkan máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ létí rẹ̀. Omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, ó yára wúkọ́.

Bí ìwádìí náà ṣe rí nìyí. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, olúkúlùkù á mú ìwé kékeré kan lọ sílé, á máa kọ bí ìrora ṣe tó sínú rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Òdo ni bí kò bá dùn ún rárá, mẹ́wàá ni bí kò bá lè fara dà á mọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á mú èèyàn mẹ́rìndínlógún tí ìrora wọn pọ̀ jù, wọ́n á máa fi ẹ̀rọ kan tọ́jú ọpọlọ wọn, wọ́n á sì tún ọwọ́ wọn kọ́ níṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. “Mi ò lè ṣèlérí,” ni Dókítà wí, “ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹ padà di abẹ́rẹ́ mú.” Abẹ́rẹ́! Ohun kan ṣoṣo tí Jíbrílù ń fẹ́ láyé nìyẹn, kí ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, kí àwọn èèyàn lè rí ohun tí wọ́n á torí ẹ̀ wá jókòó tì í.

Ó gbé ìwé délé, ó sì kọ Bismillah sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ibẹ̀ gan-an ló ti ṣìṣe, nítorí ìwé tó ti ní Bismillah lórí kì í ṣe ìwé ṣeréṣeré mọ́ lójú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọwọ́ ń jó o bí iná. Ó fi ọwọ́ òsì mú báírò. Mẹ́sàn-án ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó wá rò ó wò: kí òun, Jíbrílù ọmọ Hàwáwù, fi ọwọ́ ara òun kọ ìrora mọ́ ara òun, lábẹ́ orúkọ òun? Ó kọ òdo. Ó ní Dókítà kúkú ti fojú ara rẹ̀ rí i, yóò mọ ohun tí òdo náà túmọ̀ sí. Lọ́jọ́ kan tí ọwọ́ náà fẹ́ pa á, ó kọ méjì, ó ṣe astaghfirullah, ó sì fi báírò pa á rẹ́. Bó ṣe kọ òdo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko nìyẹn, tó sì dá ìwé náà padà sí ọsibítù.

Ọjọ́bọ̀ kan ni wọ́n pè é. Ó wọ kaftáànì funfun tó rán fúnra rẹ̀ kó tó ṣubú. Ogún ìṣẹ́jú ló fi ki ọwọ́ ọ̀tún bọ apá aṣọ, ó ń fi eyín di ètè mú. Basheerah, obìnrin tó gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nísàlẹ̀ tó ń ta ṣájà fóònù, gbé ojú sókè.

“Bàbá, ẹ mà fresh o! Ẹ ò tiẹ̀ jọ ẹni tó ṣàìsàn rí.”

“Alhamdulillahi,” ni Jíbrílù wí, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ.

Ẹ̀rín ni Dókítà Moyọ̀sọ́rẹ fi pàdé rẹ̀. “Congratulations, Bàbá! Mo ti ka ìwé yín, òdo ni látòkè délẹ̀. Ó ti lọ fúnra ẹ̀. Kì í sábà ṣẹlẹ̀ o, inú mi mà dùn!” Ayọ̀ yẹn ló mú un tó fi kúnlẹ̀, tó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ ọ̀tún Jíbrílù mú.

Jíbrílù figbe ta. Kò mọ ìgbà tí igbe náà jáde lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta yíjú wo ẹnu ọ̀nà.

Dókítà tú ọwọ́ náà sílẹ̀ kíá. Ó ń wo ìwé, ó ń wo Jíbrílù. “Bàbá, kí lẹ wá ń kọ òdo fún?”

“Ṣé kí n máa fọwọ́ ara mi kọ ọ́ mọ́ra ni? Mo rò pé ó yé yín. Mo ní ti ọ̀tá mi ni.”

“Màmá mi àgbà náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀,” ni Dókítà wí, ó sì jókòó wọ̀ọ̀. “Ó yẹ kí n ti mọ̀.”

“Ẹ bá mi tún un kọ. Mẹ́sàn-án ni gbogbo ẹ̀.”

“Bàbá, a ti mú èèyàn mẹ́rìndínlógún yẹn, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní Monday. Mi ò sì lè yí ohun tí ẹ kọ padà. Tí mo bá yí i, irọ́ ni gbogbo iṣẹ́ yìí máa dà.”

“Kò ṣẹ́ ku àyè kan ṣoṣo?”

“Kò sí, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máà bínú.” Ojú òun náà ti pọ́n. Ó kọ oògùn fún un, ó ní bí ìwádìí mìíràn bá wà, òun á ránṣẹ́ pè é. Ó wá béèrè pé ta ló tún mọ̀ nípa ọwọ́ náà. Jíbrílù ní kò sí. Dókítà ní ṣé ìyàwó rẹ̀ náà kò mọ̀ ni? Jíbrílù ní òun náà kò mọ̀.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni fóònù dún. Ọmọ kékeré ń ké lọ́dọ̀ Mariyah.

“Bàbá Ihsan, ṣé ara le?”

Ìdáhùn tó mọ́ ọn lẹ́nu ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì. “Kò le,” ó wí. “Ọwọ́ mi ń dùn mí.”

“Háà, ọwọ́ ọ̀tá yín ni! Kò ní í dùn yín o.”

“Ìyá Ihsan, tèmi ni. Ó ti ń dùn mí láti ọjọ́ tí mo ti jí lọ́sibítù.”

Jíbrílù gbọ́ tí Mariyah ń gbé ọmọ náà fún Ihsan.

“Èmi ni mo ń wẹ ọwọ́ yẹn fún yín,” ni obìnrin náà wí. “Oṣù mẹ́rìnlá. Èmi ni mo ń fi kànìnkànìn ha á láràárọ̀.”

“Mo mọ̀.”

“Ṣé ó ń dùn yín nígbà yẹn?”

“Ó ń dùn mí.”

“Ẹ sì ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ tún ń ní kí n ha á dáadáa.” Ó bú sẹ́kún. Jíbrílù di fóònù mọ́ etí. Nígbà tí ẹkún náà rọlẹ̀, Mariyah fọn imú, ó ní, “Ṣé kí n máa bọ̀?”

Ọmọ ọwọ́ ṣì kéré. Ọ̀nà Ìbàdàn jìn. Ó fẹ́ sọ fún un pé kí ó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀ tán.

“Máa bọ̀, Mariyah,” ó wí. “Mi ò lè dá a gbé mọ́.”