Súwíìṣì Márùn-ún Col Tregenza

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ olóògbé Col Tregenza ní ìlú rẹ̀, Port Pirie, ọ̀rọ̀ igi gọ́ọ̀mù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú bọ ẹnu. Ọdún Àjíǹde kan ni. Col àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàgọ́ sí etí odò gbígbẹ kan lẹ́sẹ̀ òkè Flinders, oòrùn sì mú bí ẹni tó ń gbẹ̀san. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, Col kò sọ fún ẹnì kan, ó wọnú ọkọ̀ rẹ̀, ó tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí igi gọ́ọ̀mù ńlá kan po. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó yí i lẹ́ẹ̀mẹwàá. Eruku pupa bo tíì àti búrẹ́dì gbogbo àgọ́.

Àwọn àlejò mẹ́ta tó ń fi ọkọ̀ fa kárávànì bọ̀ láti Adelaide rí i. Wọ́n rò pé ẹni tó mọ̀nà ni, ni wọ́n bá tò tẹ̀ lé e. Wọ́n ti yípo tó ìgbà mẹ́rin kí ẹni tó wà níwájú tó yọrí lójú fèrèsé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gbẹ́ni, ibo là ń lọ?"

"Ibi tí ẹ̀ ń lọ ò yé èmi o," Col dá a lóhùn. "Èmi ò lọ síbì kankan. Mò ń jẹ́ kí bọ́tà mi tutù ni."

Wal Hartwig, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ òjé, fi fìlà bojú níbi tó jókòó sí. Ojú ń tì í, ẹ̀rín sì ń pa á. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Wal mọ̀ pé kì í ṣe bọ́tà. Abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ Glenys, ìyàwó Col, ló wà nínú fíríìjì ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, nínú ike bọ́tà kan tí wọ́n ti fọ̀. Bí ooru bá mú un, ó bàjẹ́ nìyẹn, kò sì sí ilé oògùn nítòsí. Glenys ló kọ̀ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. "Àgọ́ ni mo wá pa," ó máa ń wí, "mi ò wá kí ẹnì kan máa bi mí bí ara ṣe le." Nítorí náà, Col gbà kí gbogbo ayé pe òun ní wèrè bọ́tà.

Ìyà fíríìjì yẹn, ẹni tó bá ti jẹ ẹ́ rí ló mọ̀ ọ́n. Kò tóbi ju àpótí aṣọ lọ, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti dúró, bátìrì ọkọ̀ ló ń jẹ. Tó bá fi máa di ìdájí, ó ti jẹ ẹ́ tán. Fíríìjì á dákẹ́, ọkọ̀ náà á dákẹ́, ẹ̀yin náà á wà láàárín igbó pẹ̀lú àwọn ayékòótọ́ tó ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀.

Báyìí gan-an ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ tí Col ra fíríìjì náà. Ilẹ̀ mọ́, Col yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kò fọhùn. Wal gbé wáyà dé kó lè bá a tan iná láti ara ọkọ̀ tirẹ̀.

"Bátìrì ẹ ti kú, Col."

"Kò kú. Ó ń sinmi ni."

"Ó ń sinmi?"

"Ìwọ náà, ṣé o kì í sinmi ni? Fi í sílẹ̀."

Ó gbé àga síwájú ọkọ̀, ó jókòó tì í títí di aago méjìlá, bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Glenys ló yọjú nígbẹ̀yìn, ó wo fíríìjì, ó wo ọkọ rẹ̀. Col dìde. "Ó dáa, fi wáyà ẹ sí i," ó sọ fún Wal. "Ṣùgbọ́n kó yé ẹ pé mi ò bẹ̀ ẹ́ o."

Láti ọjọ́ náà ni òfin ilẹ̀kùn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí fíríìjì Col gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tó ń wá kó tó ṣí i, nítorí bí a bá ka ẹẹ́ta tí kò tíì pa á dé, ẹ ó gbọ́ igbe: "Ilẹ̀kùn!" Kò sí ibi tí Col wà tí igbe náà kì í ti í jáde, ì báà jẹ́ abẹ́ ọkọ̀, ì báà jẹ́ inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ onípáànù lókè odò. Ẹ̀ṣọ́ igbó kan yà sọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kó mú ohun tútù. Ó tẹrí bọ inú fíríìjì, ó ń ṣàṣàyàn. "Ilẹ̀kùn!" Jìnnìjìnnì bo ọkùnrin náà, ó gbá a dé gbàgà, àfi bí fìlà ìjọba ṣe há sínú fíríìjì. Kò gbójúgbóyà láti ṣí i lẹ́ẹ̀kejì. Orí òfìfo ló gbé kúrò níbẹ̀, nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni Glenys dá fìlà náà padà.

Àwọn olùgbani-nímọ̀ràn wá pọ̀ bí eṣinṣin. Wal ní wáyà ni kò dáa: wáyà tín-ín-rín bí òwú kò lè gbé iná dé ẹ̀yìn ọkọ̀, àfi èyí tó nípọn tó àtàǹpàkò. Stav Kalaitzis, tó ń ta ẹja lẹ́bàá èbúté, ní sólà ni kó gbé sórí ọkọ̀. Rhonda, ẹ̀gbọ́n Col obìnrin, ní kó fi àpò tí wọ́n rẹ sómi bo fíríìjì bí ìyá wọn ti ń ṣe fún mílíìkì. Ọkùnrin kan láti Quorn, tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní, ní gúúsù ni kó kọjú fíríìjì sí.

Col kọ̀ gbogbo rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, òun àti Wal fi ọ̀rọ̀ wáyà di ìjà nídìí iná sọ́séèjì.

"Wáyà ẹ ti tín-ín-rín jù! Mélòó ni mo fẹ́ sọ?"

"Wal, tí mo bá kú, kí o wá fi wáyà tìẹ sí i."

"Orí kunkun ẹ yìí ló máa ba ohun tó wà nínú fíríìjì yẹn jẹ́. O sì mọ ohun tí mò ń sọ."

Wal ti sọ̀rọ̀ jù. Glenys dìde wọ àgọ́. Kó tó di àárọ̀, Wal ti ká àgọ́ tirẹ̀, ó ti lọ. Oṣù méjì ni wọn kò fi bára wọn sọ̀rọ̀, ìlú Port Pirie kò sì tóbi tó èyí tí èèyàn méjì lè fi oṣù méjì yẹra fún ara wọn láìṣe wàhálà.

Lọ́jọ́ kan, fóònù Wal dún. "Wá wo nǹkan," Col wí, ó sì gbé e sílẹ̀. Wal kọ́kọ́ ní òun kò lọ. Ó lọ. Ó bá pákó kékeré kan lẹ́yìn ọkọ̀ Col, súwíìṣì márùn-ún wà lára rẹ̀, Col sì ti fi tépù funfun kọ orúkọ sí mẹ́rin: WAL, STAV, RHONDA, QUORN. Ìkarùn-ún kò lórúkọ, "MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN" ni wọ́n kọ sí i. Wal tẹ súwíìṣì tirẹ̀. Iná pupa kékeré kan tàn. Fíríìjì tutù rinrin.

"O gbọ́ mi lẹ́nu nígbẹ̀yìn," Wal wí.

"Ẹnu ẹ ti pọ̀ jù," Col fèsì, ó sì bu tíì fún un.

Ọdún mọ́kànlá ni Wal fi ń ròyìn súwíìṣì náà ká. Stav ń ròyìn tirẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà pé tòun ló ń gbé fíríìjì náà, wọ́n kàn ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ara wọn.

Nígbà òtútù ọdún tó kọjá, ọkàn Col dúró bó ṣe ń nu ife gbẹ nílé ìdáná. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni. Nígbà tí ọdún Àjíǹde tún sún mọ́, Glenys pe Wal. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ní kó jókòó sílé, kó ta ọkọ̀, pé ta ló máa mójú tó fíríìjì? Glenys fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí fíríìjì kò bá ṣiṣẹ́, kò lọ nìyẹn, bóyá títí ayé.

"Ṣé ó kọ bí wọ́n ṣe ń tan fíríìjì náà sílẹ̀ níbì kan?" Wal béèrè.

"Col? Ó ní orí òun ni ìwé."

Wal ti lo ọjọ́ kan láti fi iná kún bátìrì ọkọ̀ àti èkejì tí Col fi sí i fún fíríìjì. Ó dúró níwájú pákó náà, ó gbá àyà, ó tẹ WAL. Iná pupa tàn. Fíríìjì kò mira. Ó tẹ STAV mọ́ ọn, iná tàn, fíríìjì dákẹ́. Ó tẹ RHONDA, ó tẹ QUORN, ó pa gbogbo rẹ̀, ó tún tan wọ́n láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Pákó náà pupa bí igi Kérésìmesì, fíríìjì kò sọ nǹkan kan. Orí Wal dàrú. Ṣé súwíìṣì ló bàjẹ́ ni, àbí fíríìjì ló kú tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀? Ó tú pákó náà, ó tẹ̀ lé wáyà tirẹ̀ pẹ̀lú ìka. Wáyà náà lọ sí gílóòbù pupa, ó sì pin síbẹ̀. Ó yẹ tàwọn yòókù wò. Wáyà kọ̀ọ̀kan dé ìdí gílóòbù tirẹ̀, ó parí. Kò sí ìkankan tó dé ìdí fíríìjì.

"Glenys!" Wal kígbe. "Ọkọ ẹ, olè ni! Ọdún mọ́kànlá!"

Glenys sáré dé pẹ̀lú ife tíì, ó gbọ́ àlàyé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mi ò mọ̀ o, Wal. Mo fi ìyá mi búra, mi ò mọ̀." Ó nu ojú. "Ìgbà tí ẹ jà yẹn, ó kàn sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan pé, 'Wal ò ní wá lọ́dún tó ń bọ̀, àfi tí mo bá wá nǹkan ṣe sí i.'"

Wal tún bẹ̀rẹ̀ wo pákó náà. Ó yíjú sí súwíìṣì karùn-ún tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn. Ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Wáyà kan jáde láti ibẹ̀, ó kọjá lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó lọ tààrà sí ìdí fíríìjì. Ó nípọn tó àtàǹpàkò.

Ó dì í mú. Wáyà tó torí rẹ̀ jà ni. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá, Col sì kú láìjẹ́wọ́. Inú bí Wal, ó dùn mọ́ ọn, àárò ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì sọ ọ́ gan-an, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tẹ súwíìṣì náà. Fíríìjì gbọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ológbò.

Lọ́jọ́ Ẹtì Rere, wọ́n dé etí odò. Wal ti dá pákó padà bí ó ṣe wà. Stav sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tirẹ̀, kò tíì kí ẹnikẹ́ni tó fi béèrè: "Súwíìṣì mi ńkọ́? Ṣé ẹ rántí tan án?"

Wal wo Glenys. Glenys ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ó wà ní títàn látàárọ̀, Stav," Wal wí. "Òun ló ń gbé gbogbo ẹ̀."

"Mo sọ fún un!" Stav wí, ó ń yan lọ. "Ṣé ẹ rí i? Mo sọ fún ọkùnrin yẹn!" Nígbà tí Stav kọ̀yìn sí i, Wal na ọwọ́ sẹ́yìn, ó tan WAL náà.

Nígbà tó ṣe, òùngbẹ gbẹ Stav. Ó ṣí fíríìjì, ó tẹrí bọ inú rẹ̀, ó ń yẹ bíà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Oókan. Eéjì. Ẹẹ́ta. Gbogbo wọn ń retí igbe náà. Rhonda gbé ife dúró ní àbọ̀ ọ̀nà ẹnu. Wọ́n gbọ́ kannakánná lórí igi, kò sí ohùn mìíràn. Stav náà fura, ó dúró gbagidi, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ìgò, kò mọ ohun tí òun máa ṣe.

"Ilẹ̀kùn!" Glenys kígbe, ohùn rẹ̀ sì dé òkè kejì.

Stav rọra pa ilẹ̀kùn dé, ó fi ọwọ́ lé orí fíríìjì náà.

"Má bínú, Col," ó wí.